Àǹtí Hàbíbàt àti Bọ́tìnnì Pupa

Ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ ni mo fi bá Àǹtí Hàbíbàt ka bébà lórí fẹ́rì tó ń gbé wa sọdá omi, ojoojúmọ́ sì ni inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo kọ nǹkan tuntun mẹ́ta sínú áàpù ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń gbé Park Hill. Ọ̀kan á máa ka ọ̀rọ̀ sókè lédè Yorùbá fún àwọn tí ojú ń yọ lẹ́nu, ọ̀kan á máa fi ọ̀nà han èèyàn, ìkẹta á máa kí àwọn àgbà kú ọjọ́ ìbí, bálúùnù á sì máa fò lójú fóònù. Bálúùnù! Èmi ni mo kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, látinú fídíò, láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sáré lọ bá Àǹtí nínú fẹ́rì tó ń lọ sí Manhattan, mo sì na fóònù sí wọn kí n tó kí wọn tán.

"Ó mà rẹwà o, Wùnmí," ni wọ́n wí. Wọ́n dá fóònù mi padà. Wọ́n ki ọwọ́ bọ báàgì, wọ́n fa ìdì bébà kan yọ tó nípọn tó búrẹ́dì, wọ́n gbé e lé mi nítan.

"Kí lèyí, Àǹtí?"

"Áàpù wa ni."

"Lórí bébà?"

"Gbogbo ẹ̀. Ojú ìwé mẹ́tàléláàádọ́sàn-án. A máa kà á tán ká tó fi ohunkóhun kún un."

"Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń tẹ kóòdù sórí bébà mọ́ láyé yìí!"

"Èmi rèé. Mú bírò pupa yẹn."

Bí ẹ bá ń gbé Park Hill, ẹ ti rí Àǹtí Hàbíbàt rí, kódà bí ẹ ò mọ orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n máa ń wà níwájú gbogbo èèyàn ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú ìborùn aláwọ̀ ewé àti irú bàtà funfun tí àwọn olùtọ́jú aláìsàn ń wọ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá, ọdún kẹrìnlá rèé. Nílé, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe akọ̀wé. Níbí, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń lọ tọ́jú nínú ilé wọn. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú jẹ́ bàbá òyìnbó kan tó ti fi ogójì ọdún kọ kóòdù, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó kọṣẹ́. Bàbá náà ò jáwọ́. Á máa sọ ọ́ lẹ́nu, Àǹtí á máa bá a tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún kìíní, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Nígbà tó di ọdún kẹta, wọ́n ti ń bá a jiyàn. Bàbá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ fún Àǹtí. Ẹ̀rọ náà ló wá ń fìyà jẹ mí yìí.

"Ẹ Sìn Mí Dé Bẹ̀" ni áàpù wa ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gba owó lórí ẹ̀; àwa ọmọ ẹgbẹ́ tá a mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ la pawọ́ pọ̀ kọ ọ́. Bí àgbà kan bá fẹ́ lọ sí ọsibítù tàbí ọ́fíìsì ìjọba, tí kò sì fẹ́ dá lọ, á tẹ ibi tó ń lọ àti aago sínú áàpù. Alága ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Albert Òkè, á yan ọ̀dọ́ kan. Ọ̀dọ́ náà á rí bọ́tìnnì méjì lójú fóònù rẹ̀: aláwọ̀ ewé ni "Mo gbà", pupa ni "Mo kọ̀". Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Áàpù yìí ń ṣiṣẹ́, Àǹtí," ni mo sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Kí la tún fẹ́ yẹ̀ wò lára ohun tó ń ṣiṣẹ́?"

"Màmá Rìnsọ́lá ńkọ́?"

Mo ti fóònù mi bọ àpò. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ Màmá Rìnsọ́lá. Awọ funfun ti bo ojú ọ̀tún wọn, ti òsì ń bá a bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọsibítù ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ò débẹ̀. Ọsibítù ní bí wọn ò bá wá nígbà kẹta, àwọn á yọ orúkọ wọn, ó sì di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún rí àyè. Ìgbà kẹta ọ̀hún ni Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Rìnsọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Kánádà.

"Ọsibítù ní àwọn ò rí wọn," ni Àǹtí wí. "Màmá ní ara àwọn ò yá lọ́jọ́ méjèèjì. Áàpù ní a sìn wọ́n débẹ̀, a sì sìn wọ́n bọ̀, 'Ó ti parí'. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló ń purọ́?"

"Bóyá ọsibítù ló ṣàṣìṣe."

"Bóyá. Ojú ìwé kìíní. Kà á sókè."

Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe rí, kí èèyàn jókòó ti fèrèsé fẹ́rì, kí omi máa dán, kí àwọn àlejò máa ya ère tó gbé iná sókè, kí èèyàn sì máa ka kóòdù sókè bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ní àlọ, márùndínlọ́gbọ̀n ní àbọ̀. Ní gbogbo ìlà, Àǹtí á ní, "Kí nìyẹn ń ṣe?" Bí mo bá ní, "Kò ṣe pàtàkì," wọ́n á ní, "Nígbà náà, kí ló wá ṣe níbí?" Bí mo bá ní mi ò mọ̀, wọ́n á fa ìlà pupa sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlà pupa ti pọ̀ ju kóòdù lọ.

Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, Lékè ló kọ ọ́, bùọ̀dá kan tó ti kó lọ sí Cambria Heights lódìkejì ìlú. Lékè fẹ́ràn kó máa kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sáàárín kóòdù. Ní ojú ìwé ọgbọ̀n, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ má fọwọ́ kan èyí o. Kò yé èmi náà." Ní ojú ìwé mọ́kànlélógójì, ó ní, "Mo máa tún èyí ṣe lọ́la." Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni.

"Àǹtí, ó ti sú mi."

"Ó sú èmi náà. Tẹ̀síwájú."

"Ká ní a ti fi bálúùnù yẹn kún un, inú gbogbo èèyàn ì bá ti máa dùn."

"Wùnmí, bí wọ́n bá gbé mi dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tuntun, tí wọ́n ní kí n fún un lóògùn kan sí i, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí n wo ohun tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ìwé á ní ó ti lo ti àárọ̀. Mi ò ní jiyàn. Mo máa ṣí ìdérí ìgò, mo máa ka oògùn inú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oògùn àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, tó ń wò mí."

Ọjọ́rú la dé ojú ìwé méjìdínláàádọ́ta. Èmi ni mo ń kà á, mo sì fẹ́ sáré kọjá lórí ẹ̀ nítorí ìlà mẹ́rin péré ni. Àǹtí fi ìka dá mi dúró.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ohun tó ń sọ ni pé bó bá di aago méje ìrọ̀lẹ́, gbogbo iṣẹ́ tí ẹnì kan ti tẹ "Mo gbà" sí á di "Ó ti parí". Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, á pa orúkọ ẹni tí wọ́n yàn rẹ́. Ti orúkọ yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Alága ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ọ̀dọ́ kan má baà máa fi oore yangàn. Ṣùgbọ́n ti aago méje!

Àǹtí fa fóònù yọ. Wọ́n pe Lékè.

"Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀ mà."

"Lékè, kí ló ń ṣẹlẹ̀ láago méje?"

Lékè rẹ́rìn-ín. "Ah, ìyẹn! Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ àwọn èèyàn wa. Wọ́n á sin èèyàn lọ, wọ́n á sìn ín bọ̀, wọn ò ní rántí padà wá tẹ bọ́tìnnì. Alága ń pariwo pé iṣẹ́ kankan ò parí. Mo bá bá wọn parí ẹ̀."

"O bá wọn parí ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n lọ?"

Lékè ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Wọ́n ṣáà ti tẹ 'Mo gbà', mà."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo wo gbogbo ohun tí áàpù náà ti tọ́jú láti ọdún mẹ́rin. Ìbéèrè òjìlélẹ́gbẹ̀rin. "Ó ti parí", òjìlélẹ́gbẹ̀rin. "Mo kọ̀", òdo. Inú mi ti fẹ́ẹ́ dùn, kí n tó rí ojú Àǹtí.

"Òjìlélẹ́gbẹ̀rin," ni wọ́n wí, "fún ogún ọ̀dọ́ tó ń lọ síṣẹ́, tó ń lọ sí iléèwé, tó ń ṣàìsàn, tó ń bímọ. Kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú wọn ò ráyè?"

Ìyẹn ni bébà ṣe di fóònù. Ní àbọ̀ fẹ́rì, láago mẹ́rin ọ̀sán, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyà tún dé! Ẹ ò lè pe àgbà kan kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré. Ẹ máa kọ́kọ́ kí wọn, ẹ máa béèrè orúnkún, ẹ máa béèrè ọmọ, ẹ máa béèrè ọmọ ọmọ tó wà ní Ìbàdàn, kí ẹ tó débi tí ẹ ń lọ. Bí ẹ bá sì débẹ̀, wọ́n á ní, "Kò sí wàhálà, ọmọ dáadáa ni." Èwo lẹ bi wọ́n, èwo ni wọ́n ń dáhùn? Àǹtí ò binú sí wọn. Wọ́n á tún yí ìbéèrè náà padà: "Kí ni dókítà wí lọ́jọ́ náà, mà?" Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti ń yọ, nítorí ẹni tí kò rí dókítà, kí ló fẹ́ sọ? Nínú ogójì ìrìn tí a béèrè, mọ́kànlá ni ò ṣẹlẹ̀ rárá.

Màmá Rìnsọ́lá la pè kẹ́yìn, lọ́jọ́ Ẹtì. Àǹtí fi ohùn wọn síta kí èmi náà lè gbọ́.

"Màmá, òtítọ́ ni mo fẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni ara yín ò yá?"

"Ara mi le kokooko," ni Màmá wí. "Mo ti wọṣọ, mo ti jókòó sí ìsàlẹ̀ ilé láti aago méje. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń kí mi. Ẹlòmíràn kí mi lẹ́ẹ̀mejì."

"Ta ni Alága yàn tí kò wá?"

"Hàbíbàt, má bi mí."

"Màmá."

"Ti àkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ti ìkejì kúnlẹ̀, ó sì ra ọsàn wá, ọsàn tó dùn. Àwọn ọmọ náà ti bẹ̀ mí. Kí ni mo fẹ́ máa rojọ́ lé wọn lórí fún? Kí wọ́n má baà tún bínú, kí wọ́n má sìn mí mọ́?"

Mo wo omi. Mo mọ ọsàn yẹn. Mo mọ ibi tí mo ti rà á. Áàpù ò sọ ohun tí èèyàn ń lọ ṣe ní ọsibítù, nítorí kò sí àgbà tó fẹ́ kí gbogbo Park Hill mọ àìsàn òun. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fẹ́ lọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Mo rò pé wọ́n á lọ lọ́la.

"Àǹtí," ni mo wí nígbà tí wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, "èmi ni ti ìkejì."

Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn. "Kí ló dé tí o ò tẹ pupa?"

"Àǹtí! Alága ló fi orúkọ mi síbẹ̀. Màmá ló ń béèrè. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ohun tó máa jáde lójú fóònù àwọn méjèèjì ni 'Wùnmí ti kọ̀'. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa tẹ̀ ẹ́? Mo ní ìdánwò lọ́jọ́ náà. Mo rò pé màá tètè ṣe tán, kí n sáré wá. Nígbà tí mo fi jáde, aago ti kọjá."

"Ó sì tún kọ 'Ó ti parí' fún ẹ."

"Ó kọ ọ́. Mo rí i. Mi ò sọ̀rọ̀."

Àǹtí kó bébà wọn jọ. Bírò pupa bọ́ sílẹ̀, wọn ò bẹ̀rẹ̀ mú un. "Ọdún mẹ́rin," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọdún mẹ́rin la fi ń bẹ èèyàn, tí áàpù sì ń yin ara ẹ̀. Ẹ wá fẹ́ bálúùnù."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a lọ bá Alága ní yàrá ìpàdé. Èèyàn dáadáa ni Alága, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ilé ọ́fíìsì kan ní Manhattan, wọn ò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ya páálí ńlá kan fún àjọ̀dún ẹgbẹ́: ÒJÌLÉLẸ́GBẸ̀RIN ÌBÉÈRÈ. KÒ SẸ́NI TÓ KỌ̀.

"Wùnmí, bálúùnù mi dà?" ni wọ́n fi kí mi.

Àǹtí sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, láti aago méje títí dé ọsàn. Alága gbọ́ ọ, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Hàbíbàt, ohun tí ò ń sọ ni pé kí n kọ́ àwọn ọmọ yìí láti máa kọ̀ fún àgbà."

"Wọ́n ti ń kọ̀, sà. Wọ́n kàn ń fi 'Mo gbà' kọ̀ ni."

"Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ̀, kó wá sọ lójú mi."

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi sọ, sà."

Alága kọjú sí mi. "Ìwọ náà, ó ṣòro fún ẹ láti pè mí?"

"Rárá, sà," ni mo wí.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dáhùn?" ni Àǹtí wí. "Ó ṣòro fún un. Kódà ní báyìí, kò lè sọ fún yín pé ó ṣòro."

Ìyẹn múná. Alága fa àga kan, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ni a fẹ́. Àǹtí ní kí "Mo kọ̀" kúrò, kí "Ẹ fún ẹlòmíràn" bọ́ sípò ẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, ohunkóhun ò ní jáde lójú fóònù àgbà, áàpù ò sì ní tọ́jú orúkọ. Kí ẹni tó bá gbà tún tẹ "Mo ti wà lọ́nà" ní wákàtí kan ṣáájú. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ náà á kọjá bákan náà. Bí wọ́n bá padà dé, àgbà fúnra ẹ̀ ni kó sọ pé ó ti parí.

"Kí orúkọ ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ máa hàn sí èmi nìkan," ni Alága wí.

"Bó bá hàn sí yín, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Iye wọn ńkọ́? Ṣé mi ò gbọ́dọ̀ mọ iye wọn?"

"Iye wọn máa hàn sí yín, sà."

"Bó bá di márùn-ún, màá da gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà." Wọ́n yí páálí wọn padà, wọ́n dojú ẹ̀ kọ ògiri. "Ẹ sì jẹ́ kí Màmá dé ọsibítù."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àǹtí dá a padà, lórí bébà, pẹ̀lú ìlà pupa. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo fẹ́ju mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Tó o bá fẹ́ju tán, wo ìlà kọkàndínlógún." Mo wò ó. Bí mo ṣe kọ ọ́, bí gbogbo èèyàn bá yẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ náà á kàn pòórá. Mo tún un ṣe kó lè padà sọ́dọ̀ Àǹtí fúnra wọn. Ọ̀sán Ọjọ́rú la gbé e jáde. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Alága ti fi ìbéèrè Màmá Rìnsọ́lá ránṣẹ́ sí Muhideen, ọ̀kan lára àwa ọ̀dọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi àti Àǹtí jókòó nínú fẹ́rì, fóònù wà lọ́wọ́ wa, a ò mú bébà dání. Iye tó wà lójú fóònù Àǹtí ti di mẹ́ta.

"Muhideen nìkan kọ́?" ni mo béèrè.

"Muhideen yẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ìkẹta gbà á lálẹ́ àná, kò tẹ 'Mo ti wà lọ́nà', áàpù sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀."

"Ta ló wá kàn?"

"Kò sọ fún mi. Ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ pé òun wà lọ́nà."

Mo kọjú sí fèrèsé. Mo ń ka ẹyẹ tó ń fò lójú omi nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè kà. A ti ń sún mọ́ èbúté Manhattan nígbà tí Aisha, ọmọ tó ń gbé lókè ilé wa, fi ohùn ránṣẹ́ sí Àǹtí.

"Àǹtí, a ti wọlé o. Èmi ni mo sìn wọ́n wá. Wọ́n ti ń kán oògùn sójú Màmá. Màmá ní kí n sọ fún yín pé nọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ tútù."

Mo pariwo. Gbogbo fẹ́rì wò mí. Àǹtí fi ìborùn nu ojú, wọ́n ní atẹ́gùn ni.

Fóònù wọn dún. Alága ni.

"Ṣé Màmá débẹ̀?"

"Wọ́n ti débẹ̀, sà. Wọ́n ti ń tọ́jú wọn."

"Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n mẹ́ta, Hàbíbàt! Mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ta làwọn mẹ́ta yìí?"

Lákòókò yẹn gan-an ni fóònù tèmi mì. Láti àná ni Alága ti ń pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wa, ọ̀kan ló wá kàn mí yìí: kí n sin Bàbá Ọlá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án. Ìdánwò mi tó kàn bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án. Bọ́tìnnì méjèèjì ń wò mí. Èmi ni mo kọ wọ́n, èmi ni mo kùn wọ́n láwọ̀, síbẹ̀ mi ò tíì tẹ ọ̀kankan. Àǹtí rí mi. Wọ́n gbé fóònù tiwọn kúrò létí díẹ̀.

Mo tẹ pupa, "Ẹ fún ẹlòmíràn".

"Ó ti di mẹ́rin!" Ohùn Alága jáde ketekete. "Bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, ó ti di mẹ́rin! Hàbíbàt, ta nìyẹn?"

Àǹtí wò mí látòkè délẹ̀.

"Áàpù ò sọ fún mi, sà," ni wọ́n wí.